Ojúlarí Ti Parí Iṣẹ́

Èdè Yorùbá kò tòṣì ní ti ọ̀rọ̀ ikú. Ọba kì í kú, ọba a máa wàjà ni. Àgbàlagbà tó bá lọ, a ní ó papò dà, tàbí pé ó re ìwàlẹ̀ àsà. Bí ọ̀dọ́ ló bá ṣe, a ó ní ó ṣaláìsí, ohùn wa á sì rẹlẹ̀ bí a ti ń sọ ọ́. Kí ẹni tó ń gbọ́ tó mọ orúkọ olóògbé, ó ti mọ irú ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ológbò tó ti bá ni gbé fún ọdún 16 bá kú, kí la ó wí? "Ológbò wa kú" náà ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé iná kú.

Mo ń kọ àròkọ yìí nítorí ológbò kan tó ń jẹ́ Ojúlarí. Ó wọ ilé wa ní ìlú Ọ̀yọ́ lọ́dún 2006, ó sì fi wá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Àwọn kan sọ fún wa pé ìwà òyìnbó ni kí ènìyàn máa ṣọ̀fọ̀ ẹran ilé. Ìyá mi kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, kò dé ìlú òyìnbó rí, kò sì sí òyìnbó kankan tó kọ́ ọ bí a ṣe ń dágbére fún ológbò. Ohun tó ṣe, àti ìdí tó fi ṣe é, ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Èlùbọ́ ni ìyá mi ń tà ní ọjà Akẹ̀sán, nítòsí ààfin Aláàfin. Ẹni tó bá ta èlùbọ́ rí mọ̀ pé ọ̀tá méjì ló ní: òjò àti eku. Òjò ní àsìkò tirẹ̀, eku kò ní àsìkò. Yàrá kan wà nílé wa ní Ìsokùn tó jẹ́ pé àpò èlùbọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Bí eku bá da àpò kan lu lóru, kì í ṣe ìwọ̀nba tó jẹ nìkan ni àdánù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ á ti kan ìyókù, oníbàárà tó bá sì fi irú èlùbọ́ bẹ́ẹ̀ ro àmàlà lẹ́ẹ̀kan kò ní padà wá mọ́. Ewu rẹ̀ kò mọ sí òórùn. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno sọ nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a mọ̀ lọ́dún 1969, oúnjẹ tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ eku bá kàn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó o. Ìyá mi kò mọ orúkọ Lassa nígbà náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé eku àti oúnjẹ kò gbọdọ̀ jọ sùn. Kò sì gbà kí ọ̀tápíápíá wọ yàrá tí èlùbọ́ wà. Ó ní òun kò lè máa fi májèlé ṣọ́ ohun tí ọmọ ọlọ́mọ máa jẹ.

Ní 2006, aláta kan tí ìsọ̀ wọn jọ kangun sí ara wọn fún un ní ọmọ ológbò kan nínú páálí ọṣẹ. Abo ni, ara rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ ọ̀tún sì ya díẹ̀ létí. Iléèwé girama ni mo wà nígbà náà, èmi ni mo sì gbé páálí náà lérí délé.

Yorùbá a máa sọ ajá lórúkọ tó jẹ́ àrokò sí aládùúgbò. Ẹni tó sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, kì í ṣe ajá ló ń bá sọ̀rọ̀. Ológbò kì í sábà ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀, "púùsì" lásán ni ọ̀pọ̀ ń pe tiwọn. Ṣùgbọ́n ìyá mi sọ tirẹ̀ ní Ojúlarí, láti inú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ pé ojú là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Kò sọ fún wa rí ẹni tó ń fi orúkọ náà bá wí. Àmọ́ bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ tó sì ké pe, "Ojúlarí o!", àwọn kan wà tí wọ́n máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ojúlarí kò tíì pé ọmọ ọdún kan tó fi mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá pa eku lóru, kì í jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á gbé e wá síwájú ibùsùn ìyá mi, á jókòó tì í, á máa wò títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyá mi kì í jẹ́ ká gbá òkú eku náà dànù kó tó kí i. Á ní, "Ojúlarí, o kú iṣẹ́ o." Ìgbà náà ni ológbò yóò dìde. A máa ń fi ṣe ẹ̀rín, àmọ́ ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ni, kíkí ni owó àkọ́kọ́ tí a ń san fún un.

Lọ́dún 2009, bàbá mi kú. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìnáwó ọjọ́ kẹjọ tí mo fi mọ̀ pé ikú ọkọ nìkan kọ́ ni opó ń rù. Ilé opó, ológbò dúdú, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ń tàn lóru. Wọ́n ní igbe rẹ̀ dà bí igbe ọmọ àfọwọ́gbá. Òótọ́ ni àwọn nǹkan méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí àjẹ́ nínú wọn. Awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú ológbò tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bíi dígí, kí ẹran náà lè ríran nínú òkùnkùn, ohun tó ń tàn lójú rẹ̀ nìyẹn. Bí abo ológbò bá sì ń wá akọ, igbe tó máa ń ké lóru jọ ti ọmọ ọwọ́ gan-an. Ta ni yóò wá dúró ṣàlàyé ìyẹn fún ẹni tó ti dájọ́ tán?

Àgbàlagbà mẹ́ta wá láti agbo ilé bàbá mi. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n kí ìyá mi kú ará fẹ́ra kù. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá ní, "Ìyàwó wa, ẹran inú ilé yìí, ojú rẹ̀ kò jọ ojú ẹran. Ẹ jẹ́ ká wá igbó kan jù ú sí." Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ni wọ́n bá wá. A mọ àwọn ìyá tí wọ́n ti lé kúrò nílé ọkọ nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó èyí. Èlùbọ́ tí à ń jẹ àti yàrá tí à ń sùn wà lórí ohun tí ìyá mi bá fi dá wọn lóhùn.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ ṣeun. Bí mo bá jù ú nù lónìí, wọ́n á ní ẹ̀rí ni mo lọ bò mọ́lẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, wọ́n á ní àjẹ́ ni mí. Níwọ̀n ìgbà tí méjèèjì ti jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ jẹ́ kí n kúkú mú èyí tí eku ò ní jẹ èlùbọ́ mi, kí n lè rí owó iléèwé àwọn ọmọ yín san."

Ẹni tó parí ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó jẹ́ áfáà. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì wà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Abu Huraira, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni bàbá ọmọ ológbò. Ó ní bí ológbò bá ti ẹnu bọ omi àlùwàlá, omi náà kò bàjẹ́. Ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ lé ẹran yìí, kó lọ wá ẹ̀sùn mìíràn. Wọ́n dìde, wọ́n sì lọ. Ìyá mi dúró sílé, ológbò náà dúró sílé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe ìyá mi ní Ìyá Ológbò. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ní 2019, nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ìyá mi lè máa rìn lọ sí Akẹ̀sán mọ́, a bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa mójú tó ilé Ọ̀yọ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí Ojúlarí kò bá lọ, òun náà kò lọ. A gbé ológbò sínú agbọ̀n, a fi ògbólógbòó ìró bò ó, a sì mú un dé gáréèjì. Dírẹ́bà ní òun kì í gbé ológbò. Ìyá mi bèèrè iye tí wọ́n ń gbé ènìyàn kan dé Ògbómọ̀ṣọ́, ó ka owó ẹni méjì sílẹ̀, ó sì gbé agbọ̀n náà sórí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Obìnrin kan bọ́ sílẹ̀, ó ní òun ó wọ ọkọ̀ mìíràn. Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, a sì gbéra. Ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n Ojúlarí ké láti Ọ̀yọ́ títí a fi kọjá Odò-Ọbà. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní Tákié, bàbá kan tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti gbéra tẹ̀ síwájú agbọ̀n, ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o."

Ológbò mọ ilé ju bó ṣe mọ ènìyàn lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sá padà síbi tí wọ́n ti kó wọn kúrò. Ìyá mi fi òrí pa á lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kó tó lá òrí yẹn tán, yóò ti gbọ́ òórùn ilé tuntun mọ́ ọn. A ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí a ṣí i, abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ló lọ dùbúlẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì sọ di ìjókòó rẹ̀ fún ọdún tó kù láyé rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 2021, Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Jimoh Oyèwùmí Ajagungbadé Kẹta, tó ti wà lórí oyè láti ọdún 1973, wàjà. Láàárín ọ̀sẹ̀ tí ìlú ń ṣọ̀fọ̀ náà ni a ṣàkíyèsí pé Ojúlarí ń mu omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Á mu tinú abọ́ rẹ̀ tán, á tún lọ ti orí bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ń rù, irun ara rẹ̀ kò dán mọ́, ó sì ń bì. Dókítà ẹran kan wà tó máa ń wá tọ́jú adìyẹ ní oko kan ládùúgbò wa, a bẹ̀ ẹ́ kó yà wò ó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, nígbà tó sì padà dé, ó ní kíndìnrín ni. Ó ní ológbò ọmọ ọdún 16 dà bí ẹni 80 ọdún láàárín àwa ènìyàn, kíndìnrín sì wà lára ohun tó ń tètè rẹ̀ nínú ara ológbò tó bá dàgbà. Kò sí oògùn tó lè sọ ọ́ di tuntun. Ohun tó lè ṣe ni kó máa fa omi sí i lábẹ́ awọ, kí àwa sì máa fún un ní ẹja tútù tí kò níyọ̀. A ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, oṣù mẹ́rin náà sì dára.

Nígbà tí oṣù kẹrin ọdún 2022 fi máa dé ìdajì, kò jẹun mọ́. Dókítà sọ fún wa pé ọ̀nà méjì ló kù. A lè jẹ́ kó lọ fúnra rẹ̀, èyí tó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì nínú ìrora. Òun sì lè fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn, tí kò ní jí mọ́.

Ìyá mi dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ṣé kí n wá gba ẹ̀mí ẹni tó bá mi jìyà?" Ọ̀rọ̀ náà wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà tó yí wa ká gbà pé ẹni tó bá pa ológbò kò ní lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ní ká kàn ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lóru, pé ológbò kì í kú lójú ẹni tó ni ín. Lóòótọ́, Ojúlarí ń wọ́ lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n dókítà ní ẹranko tí ara rẹ̀ kò yá máa ń sá pamọ́ nítorí ẹ̀rù ọ̀tá ni. Ó ní bí a bá jẹ́ kó jáde bẹ́ẹ̀, ajá tàbí ọmọ ènìyàn ni yóò kọ́kọ́ bá a kí ikú tó dé.

Ọjọ́ méjì ni ìyá mi fi rò ó. Lóru ọjọ́ kejì, Ojúlarí gbìyànjú láti fò sórí ibùsùn rẹ̀ bó ti ṣe ń ṣe láti ọdún gbọọrọ. Ó já bọ́. Ó tún gbìyànjú, ó tún já bọ́. Ilẹ̀ mọ́, ìyá mi ní kí n pe dókítà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í lórí fóònù: "Ṣé yóò mọ̀ pé èmi ni mo gbé e lọ́wọ́?" Dókítà ní, "Yóò mọ òórùn yín, Mà." Ó ní, "Ó dáa."

Ọ̀sẹ̀ náà ni Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta wàjà, ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin. Láti ọdún 1970 ni wọ́n ti wà lórí ìtẹ́, àwa tí a jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà nílùú Ọ̀yọ́ kò sì mọ Aláàfin mìíràn rí. Ìlú méjèèjì tí Ojúlarí gbé ti pàdánù ọba wọn láàárín oṣù márùn-ún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé láti Ọ̀yọ́ ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, òkú ọba ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Aládùúgbò wa kan gbọ́ ohun tó bá wá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọba ń wàjà, ẹ̀yin ń pe ìpàdé nítorí ológbò. Ìyá mi kò bínú. Ó ní, "Ta ló fi wọ́n wéra? Ọba ní odindi ìlú tó ń sunkún rẹ̀. Ta ni eléyìí ní, bí kò ṣe èmi?"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi tẹ́ ẹní, ó jókòó, ó gbé Ojúlarí sórí ẹsẹ̀. Ó ní, "Ojúlarí, o kú iṣẹ́. O kú àdúró. O bá mi ṣọ́ èlùbọ́, o bá mi ṣọ́ opó. Wọ́n pè ọ́ ní àjẹ́ nítorí mi, wọ́n pè mí ní àjẹ́ nítorí rẹ. Kò sí gbèsè láàárín wa. Máa lọ ní tìrẹ, o ò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan." Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń sọ láti kékeré pé òun kò fẹ́ràn ológbò, di etí tó ya yẹn mú láàárín ìka méjì fún ìgbà pípẹ́. Kò sọ̀rọ̀. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún owó iléèwé mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, dókítà dé. Abẹ́rẹ́ méjì ni. Èkíní mú un sùn, ó sì ń kùn díẹ̀díẹ̀ ní ọ̀fun bó ti máa ń ṣe bí inú rẹ̀ bá dùn. Lẹ́yìn ti èkejì, kò kùn mọ́. Ọwọ́ ìyá mi kò kúrò lórí rẹ̀.

Kí oòrùn tó kanrí, ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí ti kan ilẹ̀kùn. Ó ní oníṣègùn kan rán òun, òun fẹ́ ra orí àti awọ rẹ̀, owó tó sì dá kì í ṣe owó kékeré lọ́dọ̀ wa. Ìyá mi ní kí wọ́n fún un lómi mu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ní kó máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi àti èmi gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò títí ó fi dé ìbàdí mi, kí ajá má baà hú u, kí ènìyàn má sì hú u. A wé e sínú ìró tó bò ó wá láti Ọ̀yọ́, a bo yẹ̀pẹ̀, a sì to òkúta lé e. Ọmọ kékeré ilé kejì wá bèèrè pé, "Màmá, ológbò yín dà?" Ìyá mi ní, "Ó ti parí iṣẹ́."

Nígbà tí mo rò ó, mo rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo ní èdè wa kò ní nìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn láyé ti wá tiwọn. Ní Íjíbítì àtijọ́, Herodotus, ará Gíríìkì tó kọ̀wé ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ròyìn pé ilé tí ológbò bá kú sí, gbogbo ará ilé a fá irun ìpéǹpéjú wọn. Ní erékùṣù Cyprus, àwọn onímọ̀ kéde lọ́dún 2004 pé àwọn rí sàréè kan tó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún, tí wọ́n sin ènìyàn sí, tí wọ́n sì sin ológbò kan sí tòsí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó ń kó ọkà pamọ́ ni wọ́n, eku ni ọ̀tá wọn. Èlùbọ́ àti ọkà, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kì í ṣe òyìnbó òde òní ló dá dídágbére fún ológbò sílẹ̀. Ẹni tó bá ní oúnjẹ nínú àká, tó sì mọ ẹni tó bá a ṣọ́ ọ, ló dá a sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ológbò tó ti dàgbà nílé, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni mo ní fún yín. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tó sì ń rù, ẹ má dúró di ọ̀la kí ẹ tó wá dókítà ẹran. Nígbà tó ṣì wà ní kékeré, ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún un, nítorí ajá nìkan kọ́ ni àrùn náà ń mú. Ẹ má fi májèlé eku síbi tó lè dé, torí eku tó jẹ májèlé lè pa ológbò tó bá jẹ ẹ́. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá sì pé, ẹ jókòó tì í, kí ẹ kí i kú iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, aládùúgbò wa tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà wá bá ìyá mi, ó ní eku ti da àpò ìrẹsì òun lu, ó sì bèèrè ibi tí òun ti lè rí ọmọ ológbò. Ìyá mi júwe aláta kan fún un ní Akẹ̀sán. Ó ní tó bá dé ibẹ̀, kó sọ pé Ìyá Ológbò ló rán òun.